Bí Sárésáré Ṣe Ń Ṣọ́ Okun Ná

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré máratọ́ọ̀nù ní Èkó Àkéte, arómisá lẹ́gbẹlẹ́gbẹ, nígbà tí ọyẹ́ kò tí ì ká kúrò lójú ọ̀sà, tí wọ́n sì ti dí ọ̀nà mọ́ gbogbo mọ́tò tí ì bá gba orí afárá Third Mainland kọjá, ohùn kan ṣoṣo ni etí ń gbọ́ lórí afárá gígùn náà, ohùn ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn sì ni.

Àwọn tí wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, ọmọ Kenya àti ọmọ Ethiopia ni wọ́n sábà ń jẹ́ láti ìgbà tí eré náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń bọ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Orí wọn kò fì sọ́tùn-ún, kò fì sósì. Èjìká wọn wálẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ń kan ọ̀dà fẹ́rẹ́, ó sì ti kúrò níbẹ̀ kí ojú tó rí i dáadáa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń pín omi fún àwọn sárésáré sọ fún mi pé: “Bọ̀dá, ẹ kò ní gbọ́ wọn títí wọn yóò fi dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa na omi sí wọn ni, wọ́n á ti kọjá.”

Ó pẹ́ díẹ̀ kí agbo ńlá tó dé: akọ̀wé báńkì, olùkọ́, ọlọ́pàá, ìyá ọlọ́jà, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Gìdìgìdì ni afárá ń dún lábẹ́ wọn. Ẹnìkan ti gbé èjìká sókè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí, ẹlòmíràn di ẹ̀ṣẹ́ pinpin, ẹlòmíràn sì ń fò sókè ju bí ó ti ń lọ síwájú lọ.

Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń tọ̀, kìlómítà 42 ó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe okun kan náà ni wọ́n ń ná sí i. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni pé ẹni tí ó bá lágbára jù ni yóò sáré jù, bí ó bá sì rẹ ènìyàn lójú ọ̀nà, wọn a ní kò lókun nínú ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń rẹ̀ náà ní okun tí ó tó. Bí wọ́n ti ń ná an ni kò dára, ohun tí a sì lè kọ́ ni bí a ti ń ná an.

Ohun tí kìlómítà kan ń jẹ lára

Ní 1963, Rodolfo Margaria, onímọ̀ ará Ítálì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí àwọn onímọ̀ ṣì ń gbára lé títí di òní: pé ẹni tí ó bá ń sáré ń jó nǹkan bí kálórì 1 fún kìlógíráàmù ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí kìlómítà kọ̀ọ̀kan, ìbáà sá eré àsápajúdé, ìbáà rọra máa sá a lọ. Ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 70, tí ó bá sá máratọ́ọ̀nù já, yóò jó nǹkan bí 2,950 kálórì.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ṣúgà tí ara ń tọ́jú pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀ kì í sábà ju 2,000 kálórì lọ. Ìdí nìyí tí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wúwo lójijì lẹ́yìn kìlómítà 30, tí ojú wọn ń ṣú, tí wọn kò sì mọ ohun tí ó ṣe wọ́n. Ọ̀rá ṣì wà lára wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rá kì í tètè jó.

Ìṣirò yẹn, ti gbogbo ènìyàn lápapọ̀ ni. Bí a bá mú ẹni méjì tí ìwọ̀n ara wọn dọ́gba, tí a sì ní kí wọ́n jọ máa sá eré kan náà, a óò rí i pé ìnáwó wọn kò dọ́gba. Bí a ti ń mọ̀ ọ́n kò ṣòro: wọn a gbé sárésáré sórí ẹ̀rọ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀, wọn a fi ìbòjú bò ó ní imú àti ẹnu, wọn a sì máa wọn ọ́síjìn tí ara rẹ̀ ń lò ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá lo ọ́síjìn díẹ̀ lórí eré kan náà ni ó mọ okun ná. Danfó méjì lè ní ẹ́ńjìnnì kan náà, kí a sì bu epo bẹntiróò kan náà sí wọn láti Ojota. Ọ̀kan á dé Ìbàdàn, èkejì á kú sí Ṣágámù.

Obìnrin tí orí rẹ̀ ń mì

Bí ènìyàn bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ tí ó dájú, kí ó wo Paula Radcliffe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí orí rẹ̀ máa ń mì lọ mì bọ̀ bí ó bá ti ń sáré, tí àwọn òǹwòran sì máa ń kẹ́dùn pé obìnrin yìí ń jìyà. Andrew Jones, onímọ̀ nípa ara eléré ìdárayá, ń wọn èémí rẹ̀ láti ìgbà tí ó wà ní ọ̀dọ́mọbìnrin ní 1992 títí di 2003. Ohun tí ó rí yẹ kí gbogbo kóòṣì mọ̀ ọ́n sórí: ọ́síjìn tí ó pọ̀ jù lọ tí ara Radcliffe lè gbà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ná lórí eré kan náà ń dín lọ́dọọdún, títí ó fi dín ní ìdá 15 nínú 100.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sá máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú-àáyá 25. Kò sí obìnrin kan tí ó borí rẹ̀ títí Brigid Kosgei ti Kenya fi sá wákàtí 2, ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 4 ní Chicago ní 2019.

Òun nìkan kọ́. Emil Zátopek, ọmọ ilẹ̀ Czechoslovakia, ẹni tí ó gba wúrà mẹ́ta ní Helsinki ní 1952, lórí mítà 5,000, lórí mítà 10,000 àti lórí máratọ́ọ̀nù tí kò sá rí láyé rẹ̀, ojú rẹ̀ a máa fún, ahọ́n rẹ̀ a máa yọ. Haile Gebrselassie, ọmọ Ethiopia, ká apá òsì mọ́ra nígbà tí ó ń sáré, nítorí pé ní kékeré rẹ̀ ní agbègbè Asella, ó ń fi apá náà gbá ìwé rẹ̀ mọ́ ìhà, ó sì ń sáré lọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ẹwà tí ojú ń rí kọ́ ni ìṣúná. Ọdún púpọ̀ tí ènìyàn ti lò lórí ọ̀nà ń kọ́ iṣan, egungun àti èémí ní ohun tí ẹnu kóòṣì kò lè sọ tán. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Bàtà tuntun kò sì lè rọ́pò kìlómítà tí ẹsẹ̀ kò tí ì sá.

Ibi tí okun ń gbà jò

Síbẹ̀, kì í ṣe pé kí a kàn fọwọ́ lẹ́rán kí ọdún máa gorí ọdún. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Loughborough ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbájáde ìwádìí wọn lórí sárésáré 97 jáde, wọ́n sì rí i pé ọ̀nà tí ara ń gbà rìn ni ó fa nǹkan bí ìdá 39 nínú 100 ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn nínú ìnáwó okun. Ohun méjì ni ó hàn jù níbẹ̀: ìbàdí tí ń fò sókè sódò, àti ara tí ń fà sẹ́yìn nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ẹsẹ̀ ti ń balẹ̀. Àkókò tí àtẹ́lẹsẹ̀ fi wà nílẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá ń sá eré tí ó dára. Bí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ lábẹ́ ara gan-an, tí orúnkún sì tẹ̀ díẹ̀, iṣan líle tí ó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ á nà, ihò àtẹ́lẹsẹ̀ náà á tẹ́ díẹ̀, nígbà tí ẹsẹ̀ bá sì ń gbéra, àwọn méjèèjì á sún padà, wọn á dá agbára tí wọ́n gbà padà fún ara láìgba owó orí. McNeill Alexander àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 1987 pé iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ń tọ́jú nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 agbára ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àtẹ́lẹsẹ̀ sì ń tọ́jú ìdá 17.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá lọ balẹ̀ jìnnà níwájú ìbàdí, tí orúnkún nà gbọnrangandan, ilẹ̀ á ti ara padà sẹ́yìn, sárésáré á sì tún fi agbára tuntun ra eré tí ó ti ní tẹ́lẹ̀. Ìná àpà gan-an nìyẹn. Ẹni tí ó ń ṣe é rò pé ẹsẹ̀ gígùn ni òun ń gbé. Bí ó ti ń nà án síwájú tó ni ó ń rẹ̀ ẹ́ tó.

Ohun tí ó ń wo èyí sàn kò le: kí ìṣísẹ̀ kúrú díẹ̀, kí ó sì yá díẹ̀. Jack Daniels, kóòṣì ará Amẹ́ríkà, ka ìṣísẹ̀ àwọn sárésáré ní Òlíḿpíìkì Los Angeles ní 1984, ó sì rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ tó ìgbà 180 ní ìṣẹ́jú kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sọ 180 di òfin, èyí tí kò yẹ bẹ́ẹ̀. Àgbà ayo eré ni àwọn yẹn, eré wọn sì yá ju tiwa lọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Wisconsin ní 2011 bọ́ sí wa lára jù: bí ènìyàn bá fi ìdá 5 tàbí 10 nínú 100 kún iye ìṣísẹ̀ rẹ̀, ẹrù tí ó ń wọ orúnkún àti ìbàdí rẹ̀ ń dín kù.

Ọwọ́ ńkọ́? Ní 2014, Christopher Arellano àti Rodger Kram fi hàn pé bí sárésáré bá kó ọwọ́ sẹ́yìn, ìnáwó rẹ̀ á fi nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 lé sí i. Bí ó bá ká a lérí, á lé ní ìdá 13. Ọwọ́ tí ń jù ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò yẹ kí a dè é.

Mo fi ojú ara mi rí èyí lórí pápá kan ní Sùúrùlérè, níbi tí kóòṣì kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ti ń wo ìyá kan tí ó ti lé ní 50 ọdún. Ó ké sí i pé: “Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tú ìka yín sílẹ̀.” Ìyá náà tú u. Kò tí ì sá ju ogún ẹsẹ̀ lọ tí ó tún ti di í. Kóòṣì pè é, ó mú ẹyọ gúgúrú kan láti inú ọ̀rá, ó fi í sí àárín àtàńpàkò àti ìka tí ó tẹ̀lé e, ó ní kí ó sá pápá náà po lẹ́ẹ̀kan láìfọ́ ọ. Nígbà tí ìyá náà yóò fi padà dé, gúgúrú ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Wọ́n fún un ní òmíràn. Ìgbà tí ó fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, gúgúrú dé láàyè, èjìká ìyá náà sì ti wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dárúkọ èjìká.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti dùn báyìí ni àwọn kan ti ń wá ta àbùjá. Àwọn kan ń kọ́ni pé irú ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá fún ènìyàn; pé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni kí a máa fi balẹ̀; pé kí a bọ́ bàtà sọnù pátápátá. Mo bọ̀wọ̀ fún ìtara wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò gbè wọ́n tó bí wọ́n ti ń pariwo.

Ní 1982, Peter Cavanagh àti Keith Williams ní kí àwọn sárésáré kan sá pẹ̀lú ìṣísẹ̀ gígùn, lẹ́yìn náà pẹ̀lú kúkúrú, lẹ́yìn náà pẹ̀lú èyí tí ó wù wọ́n. Èyí tí ara wọn yàn fúnra rẹ̀ ni ó súnmọ́ èyí tí ó ń ná okun díẹ̀ jù. Ní 2005, àwọn onímọ̀ kan tí George Dallam ṣáájú wọn kọ́ àwọn eléré ìdárayá ní ọ̀nà ìsáré kan tí a ń pè ní Pose fún ọ̀sẹ̀ 12. Ìṣísẹ̀ wọn kúrú lóòótọ́, fífò wọn sì dín kù, ṣùgbọ́n ọ́síjìn tí wọ́n ń lò pọ̀ sí i. Ara tí a fi ipá yí padà ń jà fún ara rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ìwádìí Isabel Moore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 2012. Wọ́n mú àwọn obìnrin tí kò sáré rí, wọ́n ní kí wọ́n máa sáré fún ọ̀sẹ̀ 10, wọn kò sì kọ́ wọn ní ìṣísẹ̀ kankan. Ìnáwó okun wọn dín ní nǹkan bí ìdá 8 nínú 100. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Ní ti bàtà àti àìwọ bàtà, Abebe Bikila, akọni ọmọ Ethiopia, fi ẹsẹ̀ lásán gba wúrà máratọ́ọ̀nù ní Róòmù ní 1960, gbogbo ayé sì ṣe háà. Àwọn tí ń fi í jẹ́rìí kì í fẹ́ fi kún un pé ó wọ bàtà ní Tókíò ní 1964, tí ó sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Daniel Lieberman fi hàn ní 2010 pé àwọn tí wọ́n dàgbà láìwọ bàtà ń balẹ̀ jẹ́jẹ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ Èkó tí ó ti wọ bàtà fún ogójì ọdún, tí ó bọ́ ọ lójijì lórí ọ̀dà, ilé ìwòsàn ni yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Oníṣègùn kan n'Íbàdàn, ẹni tí ń tọ́jú iṣan àti egungun, sọ fún mi pé ìrora ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ni àwọn tí wọ́n yí ìṣísẹ̀ wọn padà lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo máa ń gbé wá. “Ẹran ara ń gbọ́ràn,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n iṣan líle kì í gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan náà.”

Ẹrù orí, òkè àti afẹ́fẹ́

Ìmọ̀ ìṣúná yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Áfríkà. Ní 1986, G. M. O. Maloiy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn èémí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kenya tí wọ́n ń ru ẹrù, wọ́n sì rí i pé àwọn obìnrin náà lè ru ohun tí ó tó ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n ara wọn láìlo ọ́síjìn kankan lé sí ti ìrìn lásán. Láti kékeré ni wọ́n ti ń rù ú. Ẹni tí ó bá ti rí ìyá wa kan tí ó ru apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gba àárín ọjà kọjá, tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan apẹ̀rẹ̀ náà, yóò mọ ohun tí mo ń wí.

Fún sárésáré, ohun tí ó ń kọ́ ara bẹ́ẹ̀ ni òkè gígùn, okùn fífò àti ìdárayá tí ń fún ẹsẹ̀ lágbára. Ní Finland ní 1999, Leena Paavolainen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú apá kan lára àkókò eré àwọn sárésáré, wọ́n fi fífò àti eré kúkúrú àsáyára rọ́pò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Ọ́síjìn tí ara wọn lè gbà kò pọ̀ sí i, síbẹ̀ ìnáwó wọn dín kù, wọ́n sì yá sí i lórí kìlómítà 5.

Bàtà náà ní ipa tirẹ̀. Gíráàmù 100 tí ó bá lé lára bàtà kọ̀ọ̀kan ń fi nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 kún ìnáwó, bàtà Nike Vaporfly tí ó jáde ní 2017 sì dín in kù ní ìpíndọ́gba ìdá 4 nígbà tí wọ́n dán an wò. Owó rẹ̀ kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ̀yìn ẹlòmíràn, ní tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni: Griffith Pugh ti fi hàn ní 1971 pé ẹni tí ó bá sá mọ́ ẹ̀yìn sárésáré mìíràn ní ìwọ̀n mítà 1 ń bọ́ lọ́wọ́ apá tí ó pọ̀ jù nínú ìdènà afẹ́fẹ́. Nígbà tí Eliud Kipchoge sá ìwọ̀n máratọ́ọ̀nù ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40 ní Vienna ní 2019, àwọn sárésáré 41 ni wọ́n ń gba ipò ara wọn láti dí afẹ́fẹ́ fún un. Ẹni tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá dojú kọ lórí Third Mainland, kí ó wá ẹ̀yìn gbòòrò kan.

Lórí pápá tiwa

Ohun tí ó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni bí a ti ń ṣe nílé ẹ̀kọ́ wa. Nígbà eré ìdárayá ọdọọdún, olùkọ́ á to àwọn ọmọ sójú ìlà, á fọn fèrè, gbogbo òǹwòran á sì máa kígbe pé “Ṣe gìrì! Ṣe gìrì!” Ọmọ tí ó gbọ́ gìrì á ki gìrì bọ ọrùn, èjìká àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibi tí gìrì kò ti wúlò rárá. Ẹni tí ó bá kẹ́yìn á gbà pé òun kò lẹ́sẹ̀, kò sì ní sáré mọ́ títí dọjọ́ ogbó.

Bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe sí eré tí a fẹ́ràn. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tí ó fo igi sáré mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní 2022, tí kò sí obìnrin tí ó sá a bẹ́ẹ̀ rí kí ó tó dé, kò sí ẹni tí yóò sọ pé agbára lásán ni ó fi fo igi mẹ́wàá. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé a kọ́ ọ ní ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé àti ibi tí ọwọ́ ń kọjá. Eré ọlọ́nà jíjìn nìkan ni a fi sílẹ̀ fún ìfaradà.

Kóòṣì Sùúrùlérè kì í fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ sáré lórí koríko kí wọ́n sì tẹ́tí sí ẹsẹ̀ ara wọn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dún jù á dín ìṣísẹ̀ kù. Ó ń ní kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ti ń sá, ẹni tí kò bá lè parí gbólóhùn kan á rọra. Ó ń ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀, kì í ṣe láti ìdí, nítorí iwájú ni ọ̀pá ẹ̀bìtì ń ré sí. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń kọ́ ọmọ kan lẹ́ẹ̀kan, á sì fi í sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan.

Mo bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe fún ẹni tí kò ní ìrora, tí eré rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò dùn ún wò. Ó ní òun kì í fọwọ́ kan irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òun á ní kí ó máa gun òkè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ó sì padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.